Bí mo ṣe kọ́ láti ka ojú ọjọ́ òkè Alps láti Kétu

Oṣù Kejìlá ni àbúrò mi obìnrin tó ń kàwé ní Grenoble pè wá pé òun ti ríṣẹ́ ìgbà òtútù: abọ́ fífọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Val Thorens, lórí òkè Alps ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ ṣeré síkì, ìyẹn fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́sẹ̀ yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Inú gbogbo wa dùn, àfi ìyá wa. Wọ́n ti gbọ́ nínú rédíò pé yìnyín máa ń ya láti orí òkè níbẹ̀, a sì máa bo èèyàn mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń ti bùtíkì mi lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu wa ní ilẹ̀ Benin, dé ní ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan ló ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà: "Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí lónìí?" Mi ò lè máa sọ pé "ó dáa" lójoojúmọ́. Ni mo bá jókòó ti fóònù mi láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ ibẹ̀.

Orúkọ nǹkan náà ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Yìnyín ni ìyá mi ń pè é, ṣùgbọ́n yìnyín tiwa ni òkúta omi tó ń lu páànù gbàgbà-gbàgbà. Èyí tó ń bọ́ lọ́hùn-ún fúyẹ́ bí òwú. Òjò dídì ni Bíbélì pè é, òun la sì fi sí nílé wa.

Ibi méjì ni mo ń wò. Èkíní ni ojú ewé ibùdó síkì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àárọ̀. Èkejì ni ti Météo-France, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Faransé, tó máa ń gbé ìròyìn òjò dídì tó lè ya jáde ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ kejì. Ní ìgbà òtútù, aago wọn àti aago Benin dọ́gba, nítorí náà n kì í ṣírò ohunkóhun.

Ohun tó tàn mí jẹ ni gíga òkè. Ibùdó náà wà ní mítà 2300, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí okùn irin ń fà máa ń gbé èèyàn dé Cime Caron, ní mítà 3200. Ibùdó kan, ojú ọjọ́ méjì. Bí èèyàn bá gun mítà 1000, òtútù a máa fi bíi dìgírì 6 sí 7 le sí i. Tó bá jẹ́ −5 lẹ́nu ilé oúnjẹ àbúrò mi, á ti tó −11 lókè. Nọ́ńbà méjì náà ni wọ́n máa ń kọ fún bí òjò dídì ṣe ga tó nílẹ̀, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Èmi ò mọ̀. Mo rí 190 sẹ̀ǹtímítà, mo sì sọ fún ìyá mi pé òjò dídì ti ga ju èmi gan-an lọ níbi tí ọmọ wọn wà. Oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ti orí òkè pátápátá ni mo kà.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní isotherme 0 °C. Gíga tí òtútù ti dé òdo ni. Òjò dídì lè bọ́ sísàlẹ̀ ìlà yìí bíi mítà 200 sí 300 kó tó yọ́ di omi. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé òdo wà ní mítà 2800, òjò lásán ló ń pa àbúrò mi, tí òjò dídì sì ń bọ́ sí Cime Caron lókè rẹ̀. Bí ó bá wá dì lóru lẹ́yìn òjò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á di gíláàsì ní àárọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà gíga yìí náà a máa yí padà: ọjọ́ kan wà tí Grenoble, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tutù ju orí òkè lọ. Mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́: ìkùukùu ló tẹ́ pẹrẹsẹ sínú àfonífojì, oòrùn ń ràn lókè rẹ̀.

Irú òjò dídì tó wà nílẹ̀ kò ṣòro fún ìyá mi rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní poudreuse, mo ní ó dà bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀, kò ṣe é dì mú lọ́wọ́. Neige dure, ẹ̀bà àná ni.

Atẹ́gùn ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ kọ́. Ọjọ́ tí oòrùn ràn gan-an ni wọ́n lè ti àga orí okùn irin pa nítorí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ −10, tí atẹ́gùn sì ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ara á gbọ́ ọ bíi −20. Ó tún máa ń gbá òjò dídì láti ẹ̀gbẹ́ kan òkè lọ kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ọyẹ́ ṣe ń kó eruku sẹ́yìn ògiri. Èyí tó kó jọ á le bí pátákó, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ lè má dì mú. Ẹní tí a tẹ́ sórí ẹ̀wà ni. Bí ibi náà bá dagun ju dìgírì 30 lọ, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè já a.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó tóbi jù. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń ka ewu yíya yìí. Mo rí 3. Nílé ìwé tiwa, 10 nínú 20 ti yege, nítorí náà mo sọ fún ìyá mi pé 3 nínú 5 kò burú. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì." Ewu kì í fi ìwọ̀n kan náà pọ̀ sí i láti ìpele kan sí èkejì, ó máa ń di ìlọ́po ni. Àwọn tó ń kú ní 3 sì pọ̀ gan-an, nítorí ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i bí ewu. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé àwọn tó kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí ni ìròyìn yìí ń bá wí jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló já a. Ojú ọ̀nà síkì gangan, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ohun abúgbàù já òjò dídì tó wà lókè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Àbúrò mi ní ìró rẹ̀ ló ń jí òun nígbà mìíràn. A ò sọ ìyẹn fún ìyá wa.

Nígbà tó fi di oṣù Kẹta, ìyá mi ló ń ṣáájú mi béèrè: "Òdo wà níbo lónìí? Atẹ́gùn ńkọ́?" Lọ́jọ́ kan tí mo dáhùn tán, wọ́n gbójú sókè wo ọ̀run, wọ́n ní ṣé ohun tí mo ń kà yẹn kò lè sọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ máa dé Kétu, àgbàdo tí àwọn fẹ́ gbìn ti wà nínú igbá.