Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Ọkọ̀ Ogun Tó Ń Gbé Bàálù Láìfarapa

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, ó ṣòro kéèyàn rí àdúgbò tí kò ní ọmọ kan ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú wọn sì ti wọ iṣẹ́ ológun ojú omi lọ́hùn-ún. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú, tí kò tíì di ọmọ onílẹ̀, lè forúkọ sílẹ̀. Bí ìyá bá gbọ́ pé wọ́n ti pín ọmọ òun sórí ọkọ̀ tó ń gbé bàálù, ìbẹ̀rù ogun ló máa ń kọ́kọ́ mú un. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ojoojúmọ́ orí ọkọ̀ yẹn ni mo rò pé ó yẹ kó gbàdúrà lé lórí.

Mo kọ èyí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀. Mo tún kọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ tó ń wá iṣẹ́ sí pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, torí púpọ̀ nínú àṣà iṣẹ́ yìí ló bá tilẹ̀ náà mu.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nimitz gùn tó mítà 333. Orí rẹ̀ fẹ̀ tó éékà mẹ́rin àbọ̀, nǹkan bí 5,000 èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀, bàálù tó lé ní 60 sì lè wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà ní 11 ọkọ̀ tó ń gbé bàálù. Nàìjíríà kò ní ẹyọ kan. Éékà mẹ́rin àbọ̀ lè dún bí ilẹ̀ ńlá létí àgbẹ̀, àmọ́ nígbà tí bàálù kan ń gbéra níwájú, tí òmíràn ń bà lẹ́yìn, tí wọ́n ń rọ epo sí ẹ̀kẹta, tí wọ́n sì ń so bọ́ǹbù mọ́ ẹ̀kẹrin, ibi téèyàn máa fẹsẹ̀ lé kì í pọ̀.

Ẹ múra kí ẹ tó jáde

Àṣíborí ní ìbòtí ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ ó kọ́kọ́ ki ìdíwọ́ rọ́bà kékeré bọ inú etí, kí ìbòtí tó bò ó. Ariwo ẹ́ńjìnnì bàálù ogun nítòsí máa ń kọjá 140 decibel, etí tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bá sì ti bàjẹ́, kò sí dókítà tó lè dá a padà. Awò ìdáàbòbò lójú, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bàtà tó ní irin níwájú lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀wù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, bó ti wù kí oòrùn mú tó, torí iná. Lékè gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tí fèrè, iná kékeré àti aró tó ń tàn ká ojú omi wà lára rẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí ẹni tó bá jábọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpò yín. Bírò, kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ, inú yàrá ni kí gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ mọ àwọ̀ ẹ̀wù bí ẹ ṣe mọ orúkọ ara yín

Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba rí mọ ọgbọ́n yìí. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan bá ṣe ń yọ sí iwájú Awùjalẹ̀, kí ẹni tó di gbohùngbohùn mú tó dárúkọ wọn ni aṣọ wọn ti sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí ọkọ̀ náà, àfi pé níbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè gbọ́ orúkọ rárá.

Ẹlẹ́wù yẹ́lò ló ń darí bàálù. Bí kò bá ju ọwọ́, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ yí kúrò lójú kan. Ẹlẹ́wù búlúù ń fi wẹ́ẹ̀jì há táyà, ó ń fi ṣéènì de bàálù mọ́lẹ̀, ó sì ń wa katakata tó ń fà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́wù búráùn ló ń bójú tó bàálù kọ̀ọ̀kan kí awakọ̀ tó gbà á. Gíríìnì ni ti àwọn tó ń tún nǹkan ṣe àti àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ta bàálù sókè àti wáyà tó ń dá a dúró. Elésè àlùkò ń rọ epo, àwọn yòókù sì máa ń pè wọ́n ní èso àjàrà, wọn kì í bínú. Pupa ni ti àwọn tó ń so bọ́ǹbù àti àwọn panápaná. Funfun wà fún aláàbò, oníṣègùn àti àwọn tó ń wo bàálù tó fẹ́ bà. Bí ẹ bá rí ẹ̀wù pupa tó ń sáré, ẹ yà fún un, ẹ má dúró béèrè.

Ẹ rìn ín kí bàálù tó gbéra

Kí iṣẹ́ òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́, wọ́n máa ń tò ní ìlà kan láti etí ọkọ̀ dé etí kejì, èjìká sí èjìká, wọ́n á sì rìn ín já, ojú gbogbo wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì, ègé wáyà, òkúta tó há sábẹ́ bàtà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Ẹ́ńjìnnì bàálù ń fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú agbára, nọ́ọ̀tì tí kò tó ìka ọmọdé sì lè wọ inú rẹ̀ kó fọ́ ọ. Ní Ìlíṣàn, nọ́ọ̀tì nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ máa wá. Ẹ wá ọ̀rá omi tí wọ́n mu tán tí wọ́n sì jù nù. Lásìkò ọyẹ́, ibi tó bá wù ú ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.

Irinṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Inú àpótí, ojú ihò ni wọ́n gbẹ́ fún sípánà kọ̀ọ̀kan, kí ojú lè tètè rí èyí tí kò sí níbẹ̀. Ẹ kà á nígbà tí ẹ bá ń mú un, ẹ tún kà á nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ Carl Vinson ròyìn ọmọṣẹ́ kan tó wá irinṣẹ́ rẹ̀ tì, tó sì lọ sọ fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní kí àwọn bàálù tó wà lókè lọ bà sórí ilẹ̀, wọ́n sì wá orí ọkọ̀ títí wọ́n fi rí i. Lọ́jọ́ kejì, níwájú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n yin ọmọ náà.

Èyí ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀gá wa nílé gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọṣẹ́ tó bá mọ̀ pé ìfọ́tí ló ń dúró de òun, á yára gbàgbé sípánà tó sọnù, ẹnu rẹ̀ á sì pa mọ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi fọ́. Òfin kejì bá èyí mu: bí bàálù bá fẹ́ gbéra tí ohun kan kò tọ́, ọmọ tuntun tí kò mọ nǹkan kan náà lè gbé apá méjèèjì sókè, kó gbé wọn kọjá ara wọn lókè orí, iṣẹ́ á sì dúró.

Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró sí

Iwájú ẹ́ńjìnnì ń fani, ẹ̀yìn rẹ̀ ń jóni, ó sì lè ju èèyàn sómi. Ní ọdún 1991, lórí ọkọ̀ Theodore Roosevelt, ẹ́ńjìnnì bàálù ogun A-6 fa ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé. Àṣíborí rẹ̀ tó kọ́kọ́ wọlé ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, awakọ̀ sì tètè pa ẹ́ńjìnnì náà. Ọmọ náà yè é. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ. Tí bàálù náà bá jẹ́ onífáànù, àfi kí ẹ gba ọ̀nà jíjìn, torí bí fáànù bá ń yí gan-an, ojú kì í rí i mọ́, lálẹ́ pàápàá.

Ìlà pupa àti funfun kan wà tó ya ibi tí bàálù ń bà sọ́tọ̀. Bí bàálù bá ń bọ̀, ẹ má fẹsẹ̀ kàn án. Ìkọ́ tó wà lẹ́yìn bàálù ló ń gbé wáyà irin tí wọ́n nà sílẹ̀, ìyẹn ló sì ń dá a dúró. Awakọ̀ máa ń tẹ iná ẹ́ńjìnnì dé òpin gẹ́lẹ́ bí táyà bá ti kan ilẹ̀, kó lè tún fò bí ìkọ́ bá tàsé. Lóṣù kẹta ọdún 2016, wáyà kan já lórí ọkọ̀ Eisenhower, èèyàn mẹ́jọ sì fara pa.

Ní iwájú ọkọ̀, ẹ̀rọ máa ń ta bàálù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, kó máa sá tó nǹkan bíi kìlómítà 265 ní wákàtí. Kí wọ́n tó ta á, ẹlẹ́wù gíríìnì á gbé pátákó ìwọ̀n bàálù sókè, awakọ̀ á sì fi àmì ọwọ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá dọ́gba, wọn kì í ta á.

Bí iná bá ṣẹ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1967, nítòsí Vietnam, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣèèṣì jáde lára bàálù tó dúró sórí ọkọ̀ Forrestal, ó lọ gbá táǹkì epo bàálù míì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bú. Àwọn panápaná tó mọṣẹ́ wà nídìí iná náà, púpọ̀ wọn ló sì kú. Àwọn tó kù kò kọ́ iṣẹ́ náà. Omi tí wọ́n ń da ń wẹ fóòmù tó ti bo epo kúrò. Èèyàn 134 ló kú lọ́jọ́ yẹn. Lóṣù kìíní ọdún 1969, ooru tó ń jáde lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan bàálù mú kí rọ́kẹ́ẹ̀tì bú lórí ọkọ̀ Enterprise, èèyàn 28 kú.

Ìdí nìyẹn tí alásè àti akọ̀wé pẹ̀lú fi ń kọ́ iṣẹ́ panápaná kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lónìí. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro: ẹ bo epo pẹ̀lú fóòmù, ẹ má da omi lásán lé e, kí àwọn kan sì máa mú bọ́ǹbù tó wà nítòsí tutù láìdúró.

Nínú ọkọ̀, àti bí èèyàn bá jábọ́

Àkàbà ibẹ̀ ga bí ẹni gun ògiri, ẹ fi ọwọ́ kan di irin mú nígbà gbogbo. Bí ìdágìrì bá dún, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lọ síwájú àti sókè, apá òsì ni wọ́n ń gbà lọ sẹ́yìn àti sísàlẹ̀. Iṣẹ́ lè tó wákàtí 12 lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ sùn nígbà tí oorun bá ṣí sílẹ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tó jábọ́ sómi, ẹ pariwo, ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i, kí ẹ sì máa nawọ́ sí i láìmójú kúrò. Orí èèyàn nínú ìgbì òkun kéré gan-an. Wọ́n á kéde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì ka àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lọ dáhùn orúkọ. Bí kò bá lọ, òun ni hẹlikọ́pítà á máa wá kiri lójú omi, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń rì.