Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Onídán Nípa Ọ̀dọ́kùnrin Tó Fẹ́ràn Ọkùnrin, Tó sì Ń Dàgbà ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ onídán, tí olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń di àgbà, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ló dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà: idán gbọ́dọ̀ ní òfin, ọmọ náà gbọ́dọ̀ dàgbà, ìfẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìfẹ́. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n ń gbé wá kí n bá wọn kà ni pé òǹkọ̀wé á fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní iwin odò kan ló gégùn-ún fún ọ̀dọ́kùnrin kan, pé ègún náà ló mú kí ó máa ronú ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀rẹ́ tí mo fún kà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bí wọ́n bá wá tú ègún náà, ṣé obìnrin ni yóò wá fẹ́?” N kò rí èsì fọ̀. Mo ti kọ ojú ìwé 90 nígbà náà, mo sì pa gbogbo rẹ̀ tì.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ ya àṣírí méjèèjì sọ́tọ̀. Idán jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ní ọjọ́ tí yóò tán. Ìfẹ́ rẹ̀ kò ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe wà nìyẹn kí òǹkàwé tó ṣí ìwé, kò sì yẹ kí babaláwo, iwin tàbí òrùka kankan mú un wá tàbí mú un lọ. Bí ẹ bá ti lè pa ìyàtọ̀ yìí mọ́, ọ̀pọ̀ ìṣòro tí ìbá yọjú níwájú kò ní í wáyé mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí afẹ́fẹ́ lásán, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnìkan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 tó ti parí ilé ìwé girama, tó ń dúró de èsì ìdánwò JAMB, tó sì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà tí í ṣe aláró ní Ìtòkú. Àkànní ni oríkì rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé ni kí ó máa gé bátànì sára páànù, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ló ń rẹ aṣọ sínú aró ní Abẹ́òkúta láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ló máa ń gé páànù tí wọ́n ń gba ojú rẹ̀ tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Bí Àkànní bá gé àwòrán ẹ̀dá alààyè kan, tí wọ́n sì ti rẹ aṣọ náà, tí ó ti gbẹ, ẹ̀dá ọ̀hún á dìde kúrò lára aṣọ lóru.

Ìdí tí mo fi mú aró ni pé òfin idán ti wà nínú rẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó dé. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú ìkòkò ẹ̀lú kì í tíì ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ni yóò wá sọ ọ́ di búlúù bí a ti ń wò ó. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya bátànì, láfún ni wọ́n fi ń rò ó, láfún kan náà tí àwa Ẹ̀gbá ń fi ewédú jẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ, aró kò ní í mú un, funfun ni yóò sì jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà dànù. Ẹ fa òfin yín yọ láti inú èyí. Ẹ̀dá tó bá dìde lára aṣọ kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ mìíràn ju funfun àti búlúù lọ. Aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò bí ẹ̀dá tí kò lè rìn kọjá ẹnu ọ̀nà; èyí tí wọ́n bá sì rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde lè má gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, lè ní ohun tí yóò sọ sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó ń ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró láìtọrọ àyè. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra díẹ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹkàwé rò pé torí pé Àkànní fẹ́ràn ọkùnrin ló ṣe fẹ́ràn aró. Àwọn ọkùnrin tó ní aya àti ọmọ ló kún ìdí adìrẹ ní Ìtòkú lónìí.

Idán tí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan kì í pẹ́ sú òǹkàwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀dá kan bá dìde, ẹnìkan tó mọ Àkànní yóò gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Alákàrà ojú títì ni yóò kọ́kọ́ gbàgbé, kò sì ní í dùn ún púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kan olùkọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni yóò fẹ́ kí olólùfẹ́ Àkànní jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní í gbàgbé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Bí òfin bá ti yẹ̀ fún ìfẹ́, kì í ṣe òfin mọ́, òǹkàwé yóò sì ti mọ̀ pé kò sí ewu. Ẹ jẹ́ kí Dípọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa yanrìn létí odò Ògùn, gbàgbé bí àwọn yòókù ti gbàgbé. Kí Àkànní gbé oúnjẹ dé etí odò lówùúrọ̀ ọjọ́ kan bó ti máa ń ṣe, kí ó sì gbọ́ tí Dípọ̀ ní, “Ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ ń wá?”

“Ẹ” yẹn ti tó. Ẹni tó ti ń pe Àkànní ní “ìwọ” láti oṣù mẹ́jọ, tó máa ń bú u bú ẹ̀rín, ló wá di ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún un bí àlejò. Òǹkọ̀wé kò ní láti fi gbólóhùn kan kún un pé inú Àkànní bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní láti ṣàpèjúwe omijé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ̀ yẹn ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán.

Èdè wa tún ní ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ lò dáadáa. “Ó”, “un” àti “rẹ̀” kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo, “olólùfẹ́” àti “ọ̀rẹ́” náà kò sì sọ. Òǹkọ̀wé lè kọ ojú ìwé 30 nípa ẹni tí Àkànní ń rò, kí òǹkàwé máa rò pé obìnrin ni, kí a tó wá ṣí aṣọ lójú eégún. Ó máa ń dùn ún ṣe, ṣùgbọ́n èmi kò gbani níyànjú rẹ̀, nítorí pé ó ń sọ ẹni tí a fẹ́ràn di àlọ́ tí a ní kí òǹkàwé já. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé tètè mọ̀ pé ọkùnrin ni Dípọ̀, kí ẹ wá fi “ó” sílẹ̀ fún ará ilé. Nínú ilé ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti ń ṣiṣẹ́ gidi:

“Àkànní, ta lò ń gbé oúnjẹ lọ fún létí odò lójoojúmọ́?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni, mà.”

“Ṣé ó fẹ́ràn láfún?”

“Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mà.”

“Kí ó wá máa jẹ ẹ́ nílé nígbà náà. Oúnjẹ tó ń tutù lójú ọ̀nà kì í ṣe oúnjẹ.”

Ìyá àgbà kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, Àkànní náà kò sì purọ́. Bóyá ìyá àgbà mọ̀, bóyá kò mọ̀; bóyá ó mọ̀ tí kò fẹ́ kí a sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá mú àbúrò bàbá rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ ọdún, tí yóò béèrè níwájú gbogbo ẹbí pé, “Ìgbà wo la máa rí ìyàwó?” Ọ̀rọ̀ náà “ìyàwó” kò fún Àkànní ní àyè tí “ó” fún un.

Ní ti orúkọ tí a óò máa pè é, ìgboro ní ọ̀rọ̀ èébú púpọ̀ fún irú ọkùnrin báyìí. Ẹ fi wọ́n sí ẹnu ẹ̀dá ìtàn tó lè sọ wọ́n, kí ẹ má sì jẹ́ kí asọ̀tàn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ láéláé. Àpèjúwe lásán, ìyẹn “ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin”, dára tó, kò sì di dandan kí Àkànní ní orúkọ kan fún ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ẹ yan ọdún tí ìtàn náà wáyé, kí ẹ sì dúró lé e. Bí ó bá jẹ́ àkókò ọdún 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ni, ẹ̀rù ogun, ẹ̀rù ìkólẹ́rú àti ti ìdílé ni yóò wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdún 1859, ọdún tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní ìlú yìí, àwọn míṣọ́nnárì àti ìwàásù wọn ti wà ní àdúgbò. Bí ó bá sì jẹ́ òde òní, òfin tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 wà nílẹ̀, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, tó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin yìí kò ní láti gbé ìtàn yín lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun kéékèèké ni kí ẹ fi í hàn: bí Àkànní ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù kí ó tó wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ bàtà kan sí àárín ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Idán lè wọlé níbí, nítorí pé kò sí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò bí wọ́n ti ń yẹ fóònù wò. Àkànní lè gé ohun tó fẹ́ sọ fún Dípọ̀ sára páànù, kí ó sì wọ̀ ọ́ kọjá láàárín ọjà.

Ní ti Olúmọ, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe fi ojú ìwé púpọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ihò tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun tó láti fi àwọn ẹ̀dá Àkànní pamọ́. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti rò ó títí bí iwin kan yóò ṣe dúró dè é, n kò tíì rí ibi tí mo lè fi sí.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, a sì máa ń mọ̀ pé ọmọ ti dàgbà nípa ohun tó kọ̀ láti ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí Àkànní dákẹ́ nítorí pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á. Ní ìparí, kí ó ní páànù lọ́wọ́, kí ó mọ̀ pé bí òun bá gé àwòrán kan sí i, ẹni tí yóò gbàgbé òun kàn ni ìyá àgbà, tí í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń pe òun ní Àkànní. Ẹ má ṣe pa Dípọ̀ láti fi yọ nínú ìṣòro yìí, ẹ má sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí òkè òkun ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí ó bá padà lọ sí etí odò láti sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́, kí ó mọ̀ pé Dípọ̀ lè má fẹ́ràn òun lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè, pàápàá àwọn ibi tí “ó” méjì ti pàdé nínú gbólóhùn kan. Ọkùnrin méjì nínú yàrá kan máa ń da òǹkàwé rú, orúkọ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni méjì tí ẹ fọkàn tán kà, ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ aró, ọ̀kan tó ti gbé irú ayé Àkànní. Ẹ má bi wọ́n bóyá ìwé náà dùn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà sí abẹ́ ibi tí wọn kò ti gba ohun tí ẹ sọ gbọ́.