Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ Olùkọ́ Yorùbá ní Àbújá

Ọ̀dọ́ olùkọ́ tó bá ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá sí Àbújá sábà máa ń rò pé iṣẹ́ kíláàsì ni yóò dá òun lágara. Láti ọdún márùn-ún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Kubwa, ohun tí mo rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe ara wa léṣe, ọjọ́ Ajé ni ọgbẹ́ náà sì máa ń hàn níwájú àwọn ọmọ.

Àṣìṣe kan wà tí ó ti máa ń wáyé kí a tó gbé ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rárá, ìyẹn ni pé kí ènìyàn fi owó ilé nìkan yan ibi tí yóò máa gbé. Ilé kò wọ́n púpọ̀ ní Mararaba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, ọ̀nà tó gba Nyanya wọ ìlú sì ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń rọ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Olùkọ́ tó ń gbé níbẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà ní Wuse, ní láti jí kí àkùkọ tó kọ, bí kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ti ìpéjọ àárọ̀ wọlé tán kí òun tó dé. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti na ènìyàn báyìí fún ọjọ́ márùn-ún, ara yóò máa sin fáàjì bí ẹni ń sin gbèsè tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Àṣìṣe ọ̀nà ọkọ̀ le ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní àárín ìlú Àbújá, kẹ̀kẹ́ kì í sì í gba gbogbo títì. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ aládàáni èyíkéyìí tí awakọ̀ rẹ̀ bá ti ní Berger ni òun ń lọ. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè tí gbogbo ìlú ń pè ní one chance ń fara pamọ́ sí. Ẹlòmíràn rò pé níwọ̀n ìgbà tí obìnrin kan bá ti jókòó sínú ọkọ̀ náà, kò séwu, bẹ́ẹ̀ obìnrin ọ̀hún lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ rìn dé gáréèjì, tàbí kí ẹ fi fóònù pe ọkọ̀ tí orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Owó rẹ̀ yóò pọ̀ díẹ̀. Mo mọ̀, owó oṣù olùkọ́ ni èmi náà ń gbà.

Èyí tí èmi fúnra mi ṣe pẹ́ jù lọ ni kí n máa di ìwé àwọn ọmọ lọ sí ibi fáàjì, pẹ̀lú èrò pé n óò máa fi ọwọ́ kan máàkì, n óò sì máa fi èkejì jayé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá, mo gbé ìwé ìṣirò mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ sí etí adágún Jabi. Ọyẹ́ ń fẹ́, ó ń ṣí ìwé tí n kò tíì dé, ó sì ń pa èyí tí mo wà lórí rẹ̀ dé. Ọ̀rẹ́ mi ra súyà, ó gbé e ka orí báàgì mi nítorí pé kò sí tábìlì. Ìwé méje péré ni mo máàkì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ kan gbé ìwé rẹ̀ sí imú, ó wo ibi tí òróró ti là kọjá láti ojú ìwé kan sí ìkejì, ó ní, “Àǹtí, ìwé mi ń run yájì.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un ní ọ̀sán, mo ti kúnlẹ̀ kí i kí ó tó la ẹnu. Láti ìgbà náà, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí a máa ń tètè jáde nítorí ìrun Jímọ́ọ̀, ni mo fi ń parí máàkì nínú kíláàsì tó ti dákẹ́.

Ẹni tó bá lọ kí ẹbí ní Ìlọrin, kí ó má fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ṣe ìgbà àbọ̀. Ẹ má sì kó ọmọ ọlọ́mọ jáde lọ wo ohunkóhun ní òpin ọ̀sẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí àti ọ̀gá àgbà, ìbáà ṣe abúlé Ushafa tó wà nítòsí.

Àṣìṣe tó kù ni kí ènìyàn máa kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan nípa ìlú tí òun kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ mi, ilé oúnjẹ àti ilé sinimá ni mo ń ná an sí. Lọ́jọ́ kan, mo so àwòrán àpáta ńlá kan mọ́ ògiri kíláàsì, mo kọ “Aso Rock, Àbújá” sí abẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà kan tí wọ́n bí sí Madalla nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, Zuma nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wa ló wà, ìpínlẹ̀ Niger sì ni.” Mo ní kí ó jókòó. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Kàdúná lọ, mo sì rí àpáta náà lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ìlà tó dà bí ojú àti ẹnu ènìyàn lára rẹ̀. Òun náà ni ó wà lẹ́yìn owó 100 náírà tí àwòrán Awólọ́wọ̀ wà ní iwájú rẹ̀, owó tí mo ti ń ná láti kékeré. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, mo mú ọ̀kan dání wọ kíláàsì, mo já ohun tí mo kọ sí abẹ́ àwòrán náà kúrò, mo sì ní kí ọmọ Madalla bọ́ síwájú wá kọ́ wa.