Ọgbà Àgbàrá: Ẹ Má Rẹ́ Ìsàlẹ̀ Rẹ̀ ní Sìmẹ́ǹtì

Ẹni tó ti kọ ebè rí kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Ohun tó gbé wa kọ ìwé yìí ni kòtò tí àwọn onílé Adó-Èkìtì ń rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n wá ń pè ní ọgbà àgbàrá. Ojúlówó ọgbà àgbàrá ni kòtò tí a gbin nǹkan sí, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè fa omi òjò tó ń ti orí òrùlé bọ̀ mu.

Èyí tí a rí kẹ́yìn ní Baṣírí, bíríkìlà ti rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Òjò rọ̀ ní Sátidé. Ní Sátidé kejì tí a débẹ̀, tanwíjí ń jó nínú omi, ìyá onílé sì ń bi wá pé ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Rárá o, màmá. Ilẹ̀ ló yẹ kó fa omi náà mu. Àwọn mìíràn kò rẹ́ ẹ, àmọ́ wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń po amọ̀. Ọ̀kan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ bu omi kún un, kó fà, kí ẹ tún bu òmíràn. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò bá tán ní wákàtí 24, ẹ wá ibòmíràn. Ibi tí ọkọ́ bá ti kan àpáta, ẹ má bá a jà.

Kí ọgbà náà jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kó má sì sún mọ́ ṣáláńgà. Òrùlé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tó fẹ̀ ní 20, ń fẹ́ ọgbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fẹ̀ ní 6. Bí ilẹ̀ bá lámọ̀, ẹ jẹ́ kó gùn ní 12, kó fẹ̀ ní 10. Ẹ gbẹ́ ẹ ní ínṣì 24. Ẹ po bárò yanrìn 5, ilẹ̀ dúdú 3 àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà 2, kí ẹ máa pò ó bẹ́ẹ̀ dà sí i títí yóò fi ku ínṣì 6 kó kún. Etí kòtò ni kí ẹ dúró sí dà á, kí ẹ má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbin ìdò sáàárín, ewé tíì sí etí. Gbòǹgbò wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dì. Epo àti ìdọ̀tí á há síbẹ̀ kí omi tó dé odò Ureje.

Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún omi ìbomirin. Èyí tó bá kún jáde ni kí páìpù gbé lọ sínú ọgbà. Èyí tó bá tún kún ọgbà, ẹ la ojú ọ̀nà fún un sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi dúrọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe omi mímu o.

Tí òjò bá dá, ẹ ka wákàtí 48. Bí omi bá ṣì dúró, ẹ tú ojú ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò lẹ́nu páìpù. A mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.