Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Dán Afẹ́fẹ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kọjá, òwú wúùlù, tépù àti fóònù tó lè ya fídíò ti tó. Ìdánwò náà kò gbówó lórí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi fara balẹ̀ ṣe é. Wọ́n á wo fídíò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sáré lọ ra spoiler, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti darí afẹ́fẹ́, tí kò bá ọkọ̀ wọn mu.

Ẹ má gé òwú gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Èyí tó bá gùn jù á máa fì bíi pàṣán, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ló ń dà á láàmú àbí gígùn rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín gíláàsì ẹ̀yìn nìkan. Láti ìparí òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé búùtù, kí ẹ sì dé igun ọ̀tún àti ti òsì.

Ẹ má sáré àsápajúdé. Kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan ti tó, 100 náà sì ni òfin Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹlòmíì ni kó ya fídíò láti inú ọkọ̀ kejì. Kí awakọ̀ má yíjú wẹ̀yìn wo òwú rárá. Ọkọ̀ kejì yẹn kò gbọdọ̀ sún mọ́ yín jù, torí afẹ́fẹ́ tiẹ̀ náà á máa gbọn òwú yín. Fídíò tí ẹ bá yà nígbà tí trélà wà níwájú yín, ẹ pa á rẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù wà nínú bí a ṣe ń túmọ̀ ohun tí a rí. Bí òwú bá nà gbọọrọ lára ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ṣì rọ̀ mọ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, tó ń yí kiri, tó tiẹ̀ ń kọjú síwájú, afẹ́fẹ́ ti já kúrò. Èèyàn á wá sọ pé tó bá ti nà, ó dára. Tó bá ti ń gbọ̀n, ó bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ kọrí sí ni òwú ń fi hàn, kì í fi hàn bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn tó.

Lọ́dún 1984, S. R. Ahmed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí àwòṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n ń yí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó padà. Ní nǹkan bíi dígírì 12.5, agbára tó ń fà á sẹ́yìn kéré. Ó ń ga bọ̀ títí dé 30, níbi tó ti ga jù lọ. Bí wọ́n ṣe kọjá 30 díẹ̀, afẹ́fẹ́ já kúrò pátápátá, agbára náà sì já wálẹ̀ lójijì. Ìjì kékeré méjì tó ń lọ́ ní igun ọ̀tún àti òsì ló fà á tí agbára náà fi ń ga bọ̀ títí dé 30: wọ́n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọ̀ mọ́ àárín, òwú ibẹ̀ á nà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fa ẹ̀yìn ọkọ̀ sẹ́yìn àti sókè. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lẹ òwú dé igun nìyẹn.

Ìfàsókè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀yìn Audi TT àkọ́kọ́ rí róbótó, ó sì máa ń fúyẹ́ lórí eré àsápajúdé. Lẹ́yìn ìjàmbá burúkú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Jámánì, Audi pe àwọn ọkọ̀ náà padà láàárín 1999 sí 2000, wọ́n sì fi spoiler sí búùtù wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pick-up, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ nítorí pé òwú inú rẹ̀ ń kọjú síwájú. Afẹ́fẹ́ tó ń yí níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ láti òrùlé gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ṣí i, ọkọ̀ sábà máa ń jẹ epo sí i ni.

Ti ìyẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìparí òrùlé ńkọ́? Lọ́dún 2004, Mitsubishi sọ pé tiwọn lórí Lancer Evolution dín Cd kù ní 0.006. Cd ni nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ìrísí ọkọ̀ ṣe ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fà á sẹ́yìn tó. Bí Cd ọkọ̀ bá jẹ́ 0.30, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún péré nìyẹn. Awakọ̀ kò lè mọ̀ ọ́n lára, gẹ́ẹ̀jì epo kò sì lè fi hàn. Bí òwú yín bá sì ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò já kúrò lórí gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ kàn ń dínà fún afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fa ọkọ̀ yín sẹ́yìn tó. Ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀, kí atẹ́gùn àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sáré dé 100, ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹnìkejì ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi rọra dé 70. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni agbára tó ń fà á sẹ́yìn ṣe kéré tó. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o, torí búrẹ́kì àti sítíárì á le. Ẹ padà wá láti òdìkejì, ẹ tún un ṣe léraléra, kí afẹ́fẹ́ táyà àti ẹrù má yí padà, kí gíláàsì wà ní títì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ tún kà. Bí ìyàtọ̀ tí spoiler mú wá kò bá ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré kan sí òmíràn lọ, ẹ kò tíì rí ẹ̀rí kankan pé ó ṣiṣẹ́.