Àwọn àṣìṣe tí í gba ọmú lẹ́nu ọmọ tuntun kí wọ́n tó dá ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù

Oyún ò tíì ju oṣù méje lọ, agolo mílíìkì àti fídà ti wà nínú báàgì ìbímọ. Owó ẹ ló ń lọ yẹn. Ohun tó bá sì wà nítòsí, òun lọwọ́ máa ń nà sí lóru.

1. Gbígbé ọmọ kúrò láyà ìyá rẹ̀. Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i ló yẹ kó mu ọmú. Ìwọ̀n àti fọ́tò ò ní sá lọ.

2. Dída omi ọmú àkọ́kọ́ nù torí pé ó pupa rúsúrúsú. Kò dọ̀tí, òun gan-an ló ń gbógun ti àìsàn.

3. "Omi ọmú ò tíì wá." Ẹ jọ̀ọ́! Lọ́jọ́ kìíní, nǹkan bíi mílílítà 5 sí 7 ni ikùn ọmọ ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bíi ṣíbí tíì kan tàbí kó fi díẹ̀ lé. Ìwọ̀nba tó ń kán yẹn tó o. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ọmú tó ń kún. Ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Lóru ọjọ́ kejì, ọmọ á máa ké ṣáá, màmá àgbà á ní ebi ń pa á, wọ́n á po glúkóòsì tàbí kí wọ́n ṣí agolo. Ọmọ á sùn fọnfọn, inú gbogbo ilé á dùn. Àmọ́ bí ọmọ bá ṣe ń fa ọmú lara ṣe ń ṣe òmíràn. Ọmú tí kò rẹ́ni fà á lóru òní, omi rẹ̀ á dín kù lọ́la, agolo á sì máa pọ̀ sí i. Ẹ fún un lọ́mú nígbà 8 sí 12 lójúmọ́, tọ̀sán-tòru. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń yó? Ẹ ka páńpáàsì: ìtọ̀ kan lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ó kéré tán 6, ìgbẹ́ dúdú á sì ti pupa rúsúrúsú.

Omi àti àgbo: rárá, ó di oṣù mẹ́fà.

Kí orí ọmú nìkan wà lẹ́nu ọmọ náà ò dáa. Orí ọmú á bó, ìyá á sì máa sá fún un. Ẹ jẹ́ kó la ẹnu gbàgà kí ẹ tó fà á mọ́ra. Àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta. Tó bá ṣì ń dùn yín, ẹ ti ìka kékeré bọ̀ ọ́ létí ẹnu, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un gbé. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ gbé ọmọ sábẹ́ apá kó má tẹ ojú egbò.

Bí ọmọ ò bá pé oṣù, tí kò tíì lè fà, ẹ má dúró dè é. Láàárín wákàtí 6 tí ẹ bí i, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fún omi ọmú jáde, lẹ́yìn náà ní wákàtí méjì-mẹ́ta síra. Mílílítà kan péré nínú síríǹjì wúlò fún un.

Kí ẹ tó gba káàdì ìdásílẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì jókòó wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Tó bá ti fọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí wọ́n bí i lọ, kí dókítà rí i ná.