Ìgò Áńtíbọ́dì Tí Mo Rà Lẹ́ẹ̀mejì: Bí Mo Ṣe Rí Iṣan Lymph Nínú Ojú Eku ní Ilé-Ifẹ̀

Áńtíbọ́dì kan ṣoṣo (èròjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó nínú ara, tí a fi ń mú kí ohun náà hàn), tí ìgò rẹ̀ kò ju ọmọ ìka lọ, ló gbé ìdá tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ mi mì. Iṣẹ́ náà ni láti rí bí iṣan lymph, ìyẹn iṣan tó ń gbé omi ara àti sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, ṣe ń hù nínú ojú eku. Awọ iwájú ojú tó mọ́ gaara kì í ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan lymph bí ara bá le. Ṣùgbọ́n bí ojú bá wú tó sì pọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì macrophage, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbèjà ara, a ya wọ ibẹ̀, wọn a tú VEGF-C, èròjà tó ń mú iṣan hù, jáde, èyí yóò sì lẹ̀ mọ́ VEGFR-3, ohun tó ń gbà á, lára iṣan lymph tó wà níbi tí funfun ojú ti pàdé dúdú, títí tí àwọn iṣan náà yóò fi máa hù wọlé. Ọ̀nà yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ń gbà lọ kéde àlejò ní kókó lymph tó wà lọ́rùn, tí ara aláìsàn fi lè kọ awọ ojú tí wọ́n bá pààrọ̀ fún un.

Rírán òwú náílọ́ọ̀nù mọ́ ojú eku tó ti sùn lábẹ́ oògùn, kí ojú náà lè wú, kò le fún ẹni tó ti kọ́ ọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó hù sídìí òwú hàn pupa kedere, nígbà tí ti lymph kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kò sì ṣeé rí àfi bí a bá fi áńtíbọ́dì kùn ún, irú bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ LYVE-1, àmì kan lára iṣan lymph.

Áńtíbọ́dì yìí gan-an ni ẹni tó tà á fún mi fi sílẹ̀ ní Èkó lákòókò ìsinmi ọdún. Nígbà tí páálí náà fi dé Ifẹ̀, yìnyín inú rẹ̀ ti di omi, omi náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo pè é, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo tún pè, ó ní bóyá ọwọ́ mi ni kò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Mo wá kun ojú eku tí a kò fọwọ́ kàn. Iṣan lymph kì í ṣaláì wà létí dúdú ojú, yálà ojú wú tàbí kò wú, nítorí náà bí ibẹ̀ kò bá tàn, kì í ṣe òwú tí mo rán ló fà á; áńtíbọ́dì ni mo máa fura sí. Kò tàn rárá. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé fóònù mi mọ́.

Ìgò kejì, kúlà ni mo gbé lọ sí Èkó láti fi gbé e fúnra mi. Kí n tó kó o sí fírísà, mo pín in sínú ìgò wẹ́wẹ́, kí n lè máa yọ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí dídì àti yíyọ́ lemọ́lemọ́ má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn iṣan náà yọ sí mi kedere: wọ́n fẹ̀, orí wọn kúmú, wọ́n sì ń nà lọ sí ìdí òwú. Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú.

Ẹ má ka àwọn àmì tó dá wà káàkiri mọ́ iṣan o. Macrophage ni wọ́n, áńtíbọ́dì LYVE-1 lè kun àwọn náà. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹrù yóò kúrò ní Èkó.